Kí ló dé tí àkóràn ojú ọ̀nà ìtọ̀ fi ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ?

Ìdí pàtàkì ni pé ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde láti inú àpò ìtọ̀ kúrú púpọ̀ lára obìnrin: ó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, nígbà tí tọkùnrin ń lọ sí nǹkan bíi 20. Kòkòrò kò ní rìn jìnnà kó tó wọ inú àpò.

Ẹnu ọ̀nà yìí tún sún mọ́ ihò ìdí. Inú ìfun ni bakitéríà E. coli, tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àkóràn yìí, ń gbé. Kì í sábà dáni láàmú níbẹ̀, àfi tó bá ṣìnà dé ojú ìtọ̀. Ìbálòpọ̀ lè tì í wọlé, nítorí náà àìsàn yìí kì í ṣe àmì ìdọ̀tí tàbí ìṣekúṣe, kò sì yẹ kó ti ẹnikẹ́ni lójú.

Ọkùnrin náà kò bọ́ pátápátá. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, pròsíteètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, lè wú, kó fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀. Ìtọ̀ tó bá ṣẹ́kù sínú àpò á wá di ibi tí kòkòrò ti ń bí sí i.

Bí ibà, èébì tàbí ìrora ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn bá kún ìtọ̀ tó ń ta ni, àkóràn náà lè ti gòkè dé kíndìnrín, kí ẹni náà rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Aláboyún kò gbọdọ̀ dúró dìgbà yẹn.