Ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Delhi: ṣé ká bá àwọn ọ̀rẹ́ wa lọ wo Taj Mahal?

ÌBÉÈRÈ: Mà, ẹ kú iṣẹ́. Delhi ní Íńdíà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún méje, tí ihò wà nínú ọkàn rẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí i. Ó yọrí sí rere. A ti kúrò ní ọsibítù, a háyà yàrá kan nítòsí, a ń retí ọjọ́ tí dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà pé ó lè wọ bàálù. Bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tí wọ́n jọ kàwé ní Ìbàdàn ń gbé nítòsí ibí pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi mọ́tò gbé gbogbo wa lọ sí Agra, ìlú tí Taj Mahal, ibojì ayé àtijọ́ tó lókìkí yẹn, wà. Inú ọmọ ń dùn. Àmọ́ ìyá ọkọ mi fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ṣé owó tí ẹbí àti ìjọ dá fún ìwòsàn la fẹ́ fi ṣe fàájì. Ó dùn mí wọra. Ṣé ká lọ ni, àbí ká jókòó?
— Ìyá ọlọ́mọ méjì

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ. Ìlú yẹn kan náà lèmi àti ọkọ mi gbé ọmọ wa ọkùnrin lọ fún irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ bí ọjọ́ ṣe ń gùn tó nínú yàrá tí a háyà.

Ẹ máa jáde. Agra nìkan ni kẹ́ ẹ dá dúró títí dókítà á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Egungun àyà ló fà á. Tó bá jẹ́ pé wọ́n la àyà rẹ̀ níwájú, egungun yẹn máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó so pọ̀. Agra sì ju 200 kìlómítà lọ sí Delhi. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni àlọ nìkan nínú mọ́tò, bẹ́líìtì á sì máa tẹ ojú egbò. Ẹ bi dókítà ní tààrà: wákàtí mélòó ló lè fi jókòó? Ṣé ó lè rìn jìnnà? Tó bá fọwọ́ sí i, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé rélùwéè lẹ fẹ́. Gatimaan Express máa ń gbéra láàárọ̀ ní ibùdó Hazrat Nizamuddin, ó sì ń dé Agra láàárín nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú. Ọmọ lè dìde, ó lè nàró nínú rẹ̀. Ẹ má fi í sí ọjọ́ Jímọ̀, torí Taj Mahal kì í ṣí lọ́jọ́ náà.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, Delhi fúnra rẹ̀ ti tó wò. Ní National Rail Museum ní Chanakyapuri, àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wà níta gbangba, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan sì ń gbé àwọn ọmọdé yípo ọgbà. Wọ́n máa ń tì í lọ́jọ́ Ajé. Lodhi Garden kò gba owó, igi rẹ̀ ní ibòji. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ yín sáré, kí tiyín jókòó jẹun.

Ibi tí ọkàn mi wà jù ni Qutb Minar. Ilé gogoro náà ga tó mítà 73, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò gùn ún mọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa rọ ọmọ yín pé kó gun àtẹ̀gùn. Nínú ọgbà ibẹ̀ ni òpó irin kan wà tí wọ́n rọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, síbẹ̀ ìpẹtà ò jẹ ẹ́ run. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá ọkọ mi. Ọmọ mi dúró síwájú òpó yẹn títí, ó ní ká ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá àgbà. Abẹ́rẹ́ àti bẹ́ẹ̀dì nìkan ló ti rí ní Íńdíà títí di ọjọ́ yẹn.

Ẹ bá àwọn ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀ ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ gbé e sókè. Ìdí àti ẹ̀yìn ni ká ti gbé e. Kí àwọn ọmọ má bá a ta gídígbò. Ẹ fi táwẹ̀lì kékeré sáàárín bẹ́líìtì àti àyà rẹ̀. Ọ̀bọ pọ̀ ní Agra, ẹ má jẹ́ kó di oúnjẹ mọ́wọ́. Ẹ mú ìwé ọsibítù àti oògùn rẹ̀ dání. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí omi ń jáde lójú egbò, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ padà sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ jáde nítorí ooru. Ní oṣù kọkànlá, èéfín máa ń bo ìlú náà, ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ tó bá pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ yẹn ti fara da ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí àga ọsibítù, gbogbo èèyàn sì ń béèrè àbúrò rẹ̀ nìkan. Kí bàbá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ yín mú òun nìkan jáde lọ́jọ́ kan.

Ní ti màmá, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n níbi tí wọ́n wà lókèèrè. Ẹ má fi ohùn fèsì ohùn. Kí ọkọ yín pè wọ́n, kó ṣàlàyé ẹni tó ń sanwó ìrìn àjò náà, kí ọmọ sì bá wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ wọ́n jàre lápá kan: owó ìwòsàn, ìwòsàn ni kẹ́ ẹ ná an sí. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín bóyá òun ló gbà yín lálejò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ iye tí agbára yín ká. Kẹ́ ẹ tó gbé fọ́tò kankan sórí Facebook, ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ ọpẹ́ sí ìjọ àti ẹbí pé ọmọ ti ń gbádùn.

Bí dókítà bá ní Agra ò ṣeé ṣe rárá, ẹ má fi ọjọ́ tan ọmọ náà. Ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yan ibi tẹ́ ẹ máa lọ ní Delhi.