Iye béèlì tí májísíréètì pè kì í ṣe owó tí ẹ máa kó wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Wọ́n mú àbúrò mi lórí ọ̀rọ̀ jìbìtì, wọ́n gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù májísíréètì ní Yábàá, wọ́n sì fún un ní béèlì ₦500,000 pẹ̀lú onídùúró méjì. Níbo la ti fẹ́ rí ₦500,000? Ọkùnrin kan níwájú kọ́ọ̀tù ní ká mú ₦120,000 wá, òun máa fún wa ní onídùúró méjèèjì, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Màmá wa fẹ́ dúró fún un, àmọ́ wọ́n ní obìnrin ò lè gba béèlì èèyàn. Ṣé ká san owó yẹn? Ẹ̀gbọ́n kan, láti Múṣin.

Ìdáhùn: Ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Mo fẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ wọlé ná, torí ẹlòmíì á ka ìlà kan péré á sì ti sáré lọ sí POS.

Ìbéèrè yìí ò yéé wá, ó sì máa ń dùn mí gan-an, torí pé ọ̀rọ̀ ti wọ́ kí ẹ tó bá ẹni yẹn pàdé rárá. Ẹ ní níbo lẹ ti fẹ́ rí ₦500,000. Ta ló ní kẹ́ ẹ mú un wá? Ẹ padà lọ bá rẹ́jísírà kó ka ohun tí májísíréètì kọ fún yín. Ohun tá a sábà máa ń bá níbẹ̀ ni pé béèlì jẹ́ iye báyìí, pẹ̀lú onídùúró méjì ní iye kan náà, kí àwọn onídùúró níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kí wọ́n mú ẹ̀rí wá pé àwọn ti san owó orí ọdún méjì fún ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, kí kọ́ọ̀tù sì yẹ àdírẹ́sì wọn wò. Kò síbi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ san owó. Ohun tí onídùúró ń fọwọ́ sí ni pé tí àbúrò yín bá sá lọ, òun máa san ₦500,000 fún ìjọba. Tí àbúrò yín bá ń yọjú ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá sún ẹjọ́ sí títí ẹjọ́ á fi parí, kò sẹ́ni tó máa san nǹkan kan, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé ó jẹ̀bi. Ẹni tó bá ti dúró fún èèyàn rí láti yá owó ní kọpurétífù mọ̀ ọ́n dáadáa, ọjọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ síwèé kọ́ lẹ ń sanwó, ọjọ́ tí ẹni yẹn bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn yín.

Òótọ́ ni pé kọ́ọ̀tù lè ní kẹ́ ẹ fi owó díẹ̀ tàbí ìwé ilẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, àkáùntì kọ́ọ̀tù lowó ń lọ, ẹ máa gba rìsíìtì, wọ́n á sì dá a padà tẹ́jọ́ bá parí. Kì í gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́bàá géètì.

Ti Amẹ́ríkà tó sọ yẹn, tiwọn yàtọ̀. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ kọ́ọ̀tù lè ní àfi kí owó wọlé kéèyàn tó jáde, ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ tó gba láísẹ́ńsì fi ń bá èèyàn dúró, tí wọ́n á gba bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, owó yẹn ò sì ní padà mọ́. Kì í tún ṣe gbogbo ibẹ̀, Illinois ti fòpin sí owó béèlì pátápátá ní 2023. Níbí, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní ACJA, ti ọdún 2015, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi dídúró fún èèyàn ṣòwò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kó sì gba láísẹ́ńsì. Ẹ ní kí ọkùnrin yẹn fi láísẹ́ńsì tiẹ̀ hàn yín.

Ohun tó fẹ́ tà fún yín ni ayédèrú ìwé. Mo ti mú irú ìwé owó orí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, orúkọ onídùúró dúdú kirikiri, gbogbo ìyókù ìwé ti ṣá, ẹ á mọ̀ pé wọ́n ha orúkọ ẹlòmíì kúrò kí wọ́n tó tẹ tiẹ̀ lé e. Tí kọ́ọ̀tù bá rán èèyàn lọ sí àdírẹ́sì yẹn tí wọ́n bá ṣọ́ọ̀bù ata níbẹ̀, ta ni wọ́n máa dá padà sí Kirikírì? Àbúrò yín ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanwó ìwé náà sì lè jẹ́jọ́ tiyín lọ́tọ̀. Ọkùnrin yẹn á ti wà níwájú kọ́ọ̀tù míì.

Ọ̀rọ̀ onídùúró kì í ṣe eré rárá. Ẹ rántí Sẹ́nétọ̀ Ndume tó dúró fún Maina, olórí ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó ìfẹ̀yìntì tẹ́lẹ̀, tó ń jẹ́jọ́ ọ̀rọ̀ owó nígbà yẹn, béèlì ₦500 mílíọ̀nù. Maina ò wá sí kọ́ọ̀tù mọ́, ní Novemba 2020 adájọ́ ní kí wọ́n lọ fi sẹ́nétọ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje, ó lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó tó gba béèlì tiẹ̀ náà. Orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n ti wá rí Maina mú. Ẹ wá onídùúró tó mọ àbúrò yín, tó mọ ilé ẹ̀, tó lè pè é láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ pé dìde o. Tí ara onídùúró bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fu, ó lè lọ sọ fún kọ́ọ̀tù pé òun ò ṣe mọ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì.

Ti téṣàn, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni béèlì níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri wọn. Owó fáìlì, owó bírò, kò sí nínú òfin. Níbi tí kọ́ọ̀tù bá sì wà láàárín kìlómítà 40, ìwé òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n gbé èèyàn dé kọ́ọ̀tù láàárín ọjọ́ kan.

Mi ò tíì rí ìwé ẹ̀sùn àbúrò yín o, ẹ má fi ìdáhùn yìí rọ́pò lọ́yà tó máa dúró níwájú májísíréètì. Tó bá jẹ́ ẹ̀sùn ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè ni, ọ̀nà míì ni béèlì yẹn ń gbà. Tí àwọn àdéhùn tí wọ́n fún yín bá le jù, lọ́yà lè bẹ kọ́ọ̀tù pé kó dín in kù, wọ́n sì máa ń dín in kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lówó lọ́yà, ẹ lọ sí Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó, ọ̀fẹ́ ni.

Ti màmá yín: irọ́ ni wọ́n pa fún yín. ACJA yẹn náà sọ ọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí pé èèyàn jẹ́ obìnrin ní kó má dúró, ojoojúmọ́ sì lobìnrin ń dúró ní kọ́ọ̀tù Èkó. Tí màmá bá ń ṣòwò tí wọ́n sì ní ìwé owó orí ọdún méjì, kí wọ́n mú un wá pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti káàdì ìdánimọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọjà nìkan ni wọ́n ní, ìyẹn ò tó o, ẹ wá mọ̀lẹ́bí tó ń gbowó oṣù tí wọ́n ń yọ owó orí ẹ̀, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní.