Ọmọ mi fẹ́ mú mi lọ síbi orin tí kò níjó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Àǹtí wa. Kúbwá níbí l'Ábújá ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń kàwé ní Knoxville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee l'Amẹ́ríkà, ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti òun síbi àjọ̀dún orin kan tí wọ́n ń pè ní Big Ears, oṣù kẹta ni. Físà mi ti jáde. Ó ní èèyàn lè máa ta okùn gìtá kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú 40, tí gbogbo èrò á sì jókòó jẹ́ẹ́. Ọdún 20 ni mo ti ń kọ alto nínú kúáyà ìjọ wa, mo mọ orin, àmọ́ ẹ̀rù eléyìí ń bà mí. Ṣé orin nìyẹn? Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é tí mi ò fi ní dójú ti ọmọ mi? Ìyá Ìbejì, Kúbwá.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì mi, ẹ kú oríire o! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín, torí ọmọ tó rí ohun tó dùn mọ́ ọn tó ní ìyá òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, ẹ ò lè dójú tì í láéláé.

Orin ni o, orin gidi. Etí Ńlá nìtumọ̀ orúkọ àjọ̀dún yẹn, Ashley Capps ló dá a sílẹ̀ ní 2009, ó dáwọ́ dúró lẹ́yìn 2010, ó sì padà ní 2014. Knoxville ò tóbi rárá lójú àwa tá a mọ èrò Nyanya láàárọ̀. Gbọ̀ngàn Bijou ti wà láti 1909, Tennessee Theatre láti 1928, Gay Street kan náà làwọn méjèèjì wà, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín.

Ibi tó ká mi lára jù rè é. Steve Reich, ará Amẹ́ríkà kan tó máa ń kọ orin, tó wà níbi àjọ̀dún náà ní 2014, Gánà ló lọ ní 1970, ó lọ kọ́ ìlù àwọn Ewe, nígbà tó sì padà délé ó kọ iṣẹ́ ńlá kan tó máa ń tó bíi wákàtí kan, èèyàn méjì á máa lu ohun kan náà, ọ̀kan á wá rọra yára díẹ̀díẹ̀ títí á fi ṣíwájú èkejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó á wá máa gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni ò lù nínú wọn. Ṣé àjòjì nìyẹn sí yín? Ẹ ti gbọ́ ọ ní Kúbwá, bí mọ́sáláṣí méjì tó sún mọ́ra bá ń pèrun lásùbáà, tí èkejì fi díẹ̀ tẹ̀lé e, tí ohùn méjèèjì wá ń wọnú ara wọn. Gúdúgúdú náà ńkọ́, tó ń sọ ohun kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí ìyáàlù lè ráyè sọ̀rọ̀? Olóògbé Akin Euba tiwa, akọrinsílẹ̀ tí wọ́n bí l'Ékòó ní 1935, dùùrù ló máa ń fi ṣe bí onílù nígbà ayé ẹ̀. Bí òwe bí òwe làá lùlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n níí jó o, ọ̀mọ̀ràn níí mọ̀ ọ́n. Etí yín ti gba ẹ̀kọ́ yẹn tipẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò tó.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ máa jókòó síta fún ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn máa gbọ́, ẹ gbọ́ táyà kẹ̀kẹ́ mẹ́rúwà lórí òkúta, ẹ gbọ́ ìgbà tó ń sún mọ́ àti ìgbà tó ń lọ. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa ṣe níbẹ̀ náà nìyẹn.

Ẹ má lé gbogbo ẹ̀ o, eré púpọ̀ ló máa ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́ ti tó. Bí oorun bá gbé yín, kò burú. Ẹ pa fóònù, ẹ má pàtẹ́wọ́ àfi tí olórin bá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Àwọn kan máa ń pariwo gan, ẹ wá fóòmù kékeré tí wọ́n fi ń dí etí. Èyí tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ fún ọmọ yín pé ẹ ò fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì ní kó sọ ohun tóun gbọ́ níbẹ̀. Ẹ mú súwẹ́tà dání, àárọ̀ oṣù kẹta níbẹ̀ tutù ju ọyẹ́ Ábújá lọ.