Níbi ìje ọkọ̀ onígbòkun, iṣẹ́ ìwé ni kí o kọ́kọ́ béèrè

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní iṣẹ́ ń gbé ọ kúrò ní Òṣogbo lọ sí Èkó, pé àwọn tí ẹ ó jọ máa ṣiṣẹ́ ti ní kí o wá máa yọ̀ǹda ara rẹ lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí ẹgbẹ́ wọn ti ń fi ọkọ̀ onígbòkun díje lójú ọ̀sà. O ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, o sì fẹ́ mọ iṣẹ́ tó yẹ kí o gbà. Ọdún 9 ni mo fi ṣe é kí n tó padà wálé sí Òkè-Baálẹ̀ níbí. Kí n tó débẹ̀, odò Ọ̀ṣun tí mo máa ń wò láti orí afárá ni gbogbo omi tí mo mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o béèrè ni iṣẹ́ ìwé: kíkọ àwọn tó wọ omi sílẹ̀, àti kíkọ àwọn tó dé.

Wọ́n lè fẹ́ kọ́kọ́ fún ọ ní fèrè tàbí àsíá, torí ibẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò. Kò burú. Ìlà ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò rí bí èyí tí a máa ń fi ẹfun fà sórí pápá iléèwé. Láti òpó orí ọkọ̀ àwa adarí ìje dé ibi bọ́ọ̀lù rọ́bà ńlá kan tí ìdákọ̀ró dì mú ni ìlà náà, ó sì gbọ́dọ̀ dábùú afẹ́fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Tó bá ku ìṣẹ́jú 5, àsíá irú ọkọ̀ tó fẹ́ díje á gòkè, fèrè kan. Tó bá ku 4, àsíá búlúù tó ní funfun láàárín á tẹ̀ lé e, fèrè kan. Tó bá ku 1, búlúù á wálẹ̀, fèrè gígùn kan. Ìgbà tí àsíá àkọ́kọ́ bá wálẹ̀ tòun ti fèrè kan, ìje ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àsíá ni ìwé òfin World Sailing, àjọ tó ń darí ìje ọkọ̀ onígbòkun lágbàáyé, ní kí wọ́n fi ka àkókò. Bí fèrè bá kọ̀ tí kò dún, má dá àsíá dúró dè é. Tí o bá ti wò ó fún ọjọ́ méjì, wàá mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ìwé ni ojú mi ti rí nǹkan. Ọdún kejì tí mo débẹ̀, lásìkò ọyẹ́, eruku bo ojú ọ̀sà débi pé a ò rí òdìkejì. Ọkọ̀ 17 ló jáde, 16 ló parí. Mo kọ "kò parí" síwájú èyí tó kù, mo pa ìwé dé, a gbé ìdákọ̀ró, a padà sí èbúté. Bí a ṣe gúnlẹ̀ ni ìyá kan wá bi mí pé, "Ọmọ mi dà?" Ọmọ ọdún 13 ni, òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Mi ò rí èsì fọ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì mẹ́ta la tú síta. Wákàtí kan àtààbọ̀ la fi ń wá a, oòrùn ń wọ̀, ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí fóònù tó dún, mo ti ro gbogbo ohun tí ènìyàn lè rò. Okùn kan ló já nínú ọkọ̀ ọmọ náà, apẹja kan sì fà á lọ gúnlẹ̀ sí abúlé wọn lápá kejì. Nǹkan kan ò ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo ṣe: mo mọ̀ pé kò parí, mi ò béèrè ibi tó wà.

Láti ọjọ́ náà, àyè mẹ́ta ló wà nínú ìwé mi: ó jáde, ó parí, ó ti padà sórí ilẹ̀. Bí àyè kẹta ẹnì kan bá ṣófo, a kì í gbé ìdákọ̀ró. Kí ìje tó bẹ̀rẹ̀ ni o ó ti sọ fún gbogbo wọn pé ẹni tó bá fẹ́ pa ìje tì gbọ́dọ̀ fi tó ọkọ̀ adarí létí. Bí wọ́n bá ń kùn, jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ní ti ìparí, má dá a ṣe láé. Ọkọ̀ márùn-ún lè dé pa pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Tí o bá tẹrí ba láti kọ ti àkọ́kọ́, méjì ti kọjá lójú rẹ. Ẹnì kan á máa wo ìlà, á máa ké nọ́ḿbà ara ìgbòkun ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kejì á máa kọ ọ́ pẹ̀lú àkókò. Jẹ́ kí fóònù máa gba ohùn yín sílẹ̀.

Ọkọ̀ agbanilà ńkọ́? Kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ná. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò ní kúrò lára rẹ níbikíbi tí wọ́n bá fi ọ́ sí. Tí o bá sì rí awakọ̀ ẹlẹ́ńjìnì tí kò so okùn apẹ́ńjìnì mọ́ ara rẹ̀, má bá a lọ. Okùn yẹn ló ń pa ẹ́ńjìnì bí awakọ̀ bá ré bọ́ sómi, kí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì má baà yí lu ènìyàn.

Kí o tó kúrò nílé, mú ẹnì kan dání lọ sí Ọlá-Ìyá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ bá pọ̀. Máa ké nọ́ḿbà ara àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá, kí òun máa kọ, lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀. Ẹ ṣe é títí ẹ ó fi lè kọ 20 láìfo ọ̀kan. Má sì gbé báírò lọ sójú omi, ìwé tó bá ti tutù kì í gbà á. Pẹ́ńsù méjì ni kí o rà, kí o fi okùn so ọ̀kan kọ́rùn.