Ikú ni àbí ẹ̀wọ̀n gbére? Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹbí olóògbé nínú ẹjọ́ ìpànìyàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Ní 2023, ìjà ààlà oko kòkó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ẹni tí oko wọn jọ pààlà. Ọkùnrin náà ṣá ẹ̀gbọ́n mi ládàá lọ́rùn, ẹ̀mí sì bọ́ kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ẹjọ́ ti wà nílé ẹjọ́ gíga l'Ádó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, agbẹjọ́rò ìjọba pè wá. Ó ní agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sọ ẹ̀sùn náà di ìpànìyàn tí kò ti ọkàn wá, kí ọkùnrin náà gbà pé òun jẹ̀bi, kó lọ sẹ́wọ̀n. Bàbá wa ní àfi kí wọ́n yẹgi fún un, pé ẹ̀mí ni wọ́n fi ń dí ẹ̀mí. Màmá wa ní ẹ̀wọ̀n gbére ti tó, òun ò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíì tún kú. Èwo ni ká fara mọ́? Ṣé lóòótọ́ sì ni pé ẹ̀wọ̀n gbére ò ju ogún ọdún lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Kí Ọlọ́run tu bàbá àti màmá nínú.

Ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀, torí òun gan-an ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé yín. Kò sí ìgbà kankan nínú ẹjọ́ yìí tí adájọ́ máa gbé ikú àti ẹ̀wọ̀n gbére kalẹ̀ pé ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀. Òun alára ò láǹfààní láti mú. Nínú òfin ọ̀daràn (Criminal Code) tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà gbé tiwọn kà (nọ́ńbà abala lè yàtọ̀ nínú òfin ìpínlẹ̀ yín), abala 316 ló sọ ohun tó ń jẹ́ ìpànìyàn, abala 319 ló sọ ìjìyà rẹ̀, ikú sì ni. Tí ẹ̀rí bá ti fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀, bí àánú olùjẹ́jọ́ tiẹ̀ ń ṣe adájọ́, kò lè dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un dípò ikú. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 nígbà tó ṣẹ̀ ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé yọ sílẹ̀. Àwọn kan ti gbé òfin ikú yìí lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ábújá rí, nínú ẹjọ́ Kalu ní 1998. Ilé ẹjọ́ dáhùn pé kò tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè, nítorí abala 30 ìwé òfin 1979 (òun ló di abala 33 nínú ti 1999) tó fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀, abala yẹn kan náà ló yọ ikú tí ilé ẹjọ́ bá dá síni sọ́tọ̀. Ní Kẹ́ńyà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ ní 2017 pé kò tọ́ kí òfin so adájọ́ lọ́wọ́ báyẹn. Tiwa ṣì so wọ́n lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n pè yín fún l'Ádó kì í ṣe kẹ́ ẹ wá yan ikú tàbí ìyè. Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ ni pé: ṣé kí wọ́n máa ṣe ẹjọ́ ìpànìyàn lọ, pẹ̀lú ewu tó wà níbẹ̀, àbí kí wọ́n gba ẹ̀bi tó kéré sí i, tó sì dájú?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n gbére wò, torí màmá lè máa rò pé òun ni wọ́n fẹ́ fún wọn. Ìpànìyàn tí kò ti ọkàn wá, abala 325 ní wọ́n *lè* fi ẹ̀wọ̀n gbére jẹ ẹni tó bá jẹ̀bi rẹ̀ níyà. Ibi tí adájọ́ lè gbé e ga dé nìyẹn, kì í ṣe ibi tó gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè dá ọdún méje, ó lè dá mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń wu agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́. Tẹ́ ẹ bá padà lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ọdún mélòó ló wà nínú ìwé àdéhùn náà? Tí wọn ò bá kọ iye kankan, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè fara mọ́ níbẹ̀. Kódà tí wọ́n bá kọ ọ́, adájọ́ ò sí nínú àdéhùn yẹn, ìdájọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ogún ọdún yẹn, irọ́ ni. Ẹ̀wọ̀n gbére ò níye ọdún. Ẹlẹ́wọ̀n tí ọdún rẹ̀ níye ni wọ́n lè bá yọ lára rẹ̀ tó bá hùwà dáadáa nínú ọgbà. Gbére ò ní iye tí èèyàn máa yọ nǹkan lára rẹ̀, títí ẹ̀mí fi máa bọ́ ni, àfi tí àánú gómìnà bá dé tàbí tí òfin bá ṣílẹ̀kùn míì. Ohun tó ń ru àwọn èèyàn lójú ni pé wọ́n rí ẹni tí wọ́n dá ogún ọdún fún tó jáde kí ogún ọdún tó pé, wọ́n wá fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n gbére.

Ó kan bí ẹ̀rí yín ṣe lágbára tó, ibẹ̀ ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti lo àkókò jù. Kí agbẹjọ́rò ìjọba tó lè gba ìdájọ́ ìpànìyàn, ó gbọ́dọ̀ fi hàn, láìsí iyèméjì tó nídìí, pé ẹ̀gbọ́n yín kú, pé ọwọ́ ọkùnrin yìí ló pa á, àti pé ó gbèrò láti pa á tàbí láti ṣe é léṣe tó burú. Ọrùn tó fi àdá ṣá ran ìkẹta yìí lọ́wọ́ púpọ̀. Èèyàn kì í ṣáni lọ́rùn kó tún ní òun kàn fẹ́ dẹ́rù bani ni. Àmọ́ ìjà ààlà ni, oko ló sì ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ máa gbà wọlé.

Ó lè ní wọ́n mú oníbàárà òun bínú lójijì. Abala 318 sọ pé ẹni tí ìbínú òjijì gùn, tó pànìyàn kí ọkàn rẹ̀ tó rọ̀, ìpànìyàn tí kò ti ọkàn wá ni ẹ̀bi rẹ̀. Tàbí kó ní ẹ̀gbọ́n yín ló kọ́kọ́ yọ àdá, pé ara òun lòun ń gbà sílẹ̀. Tí ilé ẹjọ́ bá gba èyí gbọ́, kò ní í bọ́ sí ẹ̀wọ̀n rárá, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ wádìí àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́: ta ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè? Ṣé àdá wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín? Báwo ni àkókò tó wà láàárín èébú àti ìṣálọ́gbẹ́ ṣe gùn tó? Àdá lọ́wọ́ àgbẹ̀ nínú oko ò fi hàn pé ó gbèrò ibi, irinṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìjà ti tú ká, tí ọkùnrin náà lọ sí ahéré lọ gbé àdá kó tó padà wá, ọ̀rọ̀ ìbínú òjijì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Ẹni tó ń lọ gbé àdá ti ráyè ronú.

Ẹ wo ibi tí irú ẹjọ́ báyìí ti máa ń já. Àwọn ẹlẹ́rìí máa ń rẹ̀, wọn kì í wá mọ́, pàápàá tí wọ́n bá jẹ́ lébìrà oko tó ti padà sí ìlú rẹ̀. Wọ́n máa ń gbé ọlọ́pàá tó wádìí ẹjọ́ (IPO) lọ sí ìpínlẹ̀ míì. Àdá tí wọ́n gbà máa ń sọnù ní àgọ́ ọlọ́pàá. Olùjẹ́jọ́ tó ti jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá máa ń ní wọ́n lu òun kí òun tó buwọ́ lùwé, ilé ẹjọ́ a sì dá ẹjọ́ ńlá dúró láti kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ kékeré lórí ìwé yẹn. Àyẹ̀wò òkú ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ti sin olóògbé láìṣe é, kì í ṣe pé ẹjọ́ ti bàjẹ́. Níbi tí ikú bá tẹ̀lé ọgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, ilé ẹjọ́ lè mọ ohun tó pa á láìsí dókítà. Tí wọ́n bá sì ṣe é, ẹ bi wọ́n pé ta ló fi òkú han dókítà pé ti lágbájá nìyí. Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí. Àṣìṣe kékeré ni lójú ẹbí, àmọ́ agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ lè bi ilé ẹjọ́ pé òkú ta ni dókítà yẹ̀ wò.

Ẹ lè máa rò ó pé ṣebí ó lè gbà pé òun jẹ̀bi ìpànìyàn gan-an, kí gbogbo rẹ̀ sì parí. Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun jẹ̀bi ẹ̀sùn tó la ikú lọ, ilé ẹjọ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi ni, wọ́n á sì ní kí ìjọba wá fi ẹ̀rí hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé ohun gbogbo lọ bí bàbá ṣe fẹ́, adájọ́ dá a lẹ́jọ́ ikú. Ọkùnrin náà ní 90 ọjọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ wà l'Ádó níbẹ̀. Tó bá tún pàdánù, ó ní 30 ọjọ́ láti gbé e lọ sí Ábújá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni méjèèjì, kò ní í tọrọ àyè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí ń gbà. Lẹ́yìn rẹ̀, abala 212 ìwé òfin fún gómìnà lágbára láti dárí jì í, tàbí láti dín ìjìyà rẹ̀ kù, lẹ́yìn tó bá ti gbìmọ̀ pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àánú ìpínlẹ̀. Láìsí ìbuwọ́lù gómìnà, kò sẹ́ni tó máa so ó rọ̀. Àwọn gómìnà kì í sì í fẹ́ buwọ́ lù ú. Wọ́n so èèyàn mẹ́rin rọ̀ ní Benin ní oṣù Kẹfà 2013, wọ́n tún so mẹ́ta níbẹ̀ kan náà ní oṣù Kejìlá 2016, àwa ò sì gbọ́ ti ẹlòmíì láti ìgbà náà. Àwọn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún tí wọ́n ṣì wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n káàkiri Nàìjíríà lé ní 3,000.

Ọdún 2019 ni wọ́n tún fi òfin tuntun lé e. Òfin àjọ ọgbà àtúnṣe ní, tí ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún bá ti lo gbogbo ẹ̀tọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ tán, tí ọdún mẹ́wàá sì kọjá tí wọn ò pa á, adájọ́ àgbà lè sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀yìn ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni wọ́n ti ń ka mẹ́wàá yẹn, kì í ṣe ọjọ́ ìdájọ́, àti pé adájọ́ àgbà *lè* ṣe é ni, kò di dandan. Ẹ̀wọ̀n gbére tí màmá ń fẹ́ ṣì lè jẹ́ ibi tí yẹgi tí bàbá ń fẹ́ máa já sí, lẹ́yìn ogún ọdún tẹ́ ẹ ti ń lọ ń bọ̀ ní kóòtù.

Bàbá lè ní ẹlẹ́wọ̀n lè sá. Kò purọ́, ọgbà Ado-Ekiti náà já ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2014. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún náà, inú ọgbà ló ń dúró sí fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Tí wọ́n bá sì ní ikú ló máa kọ́ àwọn yòókù lọ́gbọ́n, ìgbìmọ̀ National Research Council l'Amẹ́ríkà yẹ ìwádìí ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún wò ní 2012, wọ́n ní àwọn ìwádìí náà ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ìdájọ́ ikú ń dín ìpànìyàn kù tàbí kò dín in kù.

Èrò tiwa rèé, a ò sì ní fi bò. Tẹ́ ẹ bá ní ẹlẹ́rìí méjì tó fojú rí i, tí wọ́n wà nítòsí, tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu, tí ẹ̀rí sì wà pé ọkùnrin náà lọ gbé àdá wá, ẹ sọ fún ìjọba pé kí wọ́n máa ṣe ẹjọ́ ìpànìyàn náà lọ. Tí ẹlẹ́rìí bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tàbí tí àdá bá wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ọdún púpọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn sàn ju ìdájọ́ ikú tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè fagi lé lọ́dún mẹ́fà sí i. Ní ti ìjìyà fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ màmá la wà. Tí wọ́n bá ti ṣi ikú dá, kò sí àtúnṣe. Ìlẹ̀ Yorùbá níbí ló ti ṣẹlẹ̀, nínú ẹjọ́ Bello tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní 1986. Ìjọba Ọ̀yọ́ ti pa ọkùnrin kan tí wọ́n dájọ́ ikú fún, nígbà tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀ tí wọn ò tíì gbọ́ ọ. Ilé ẹjọ́ ní kò bófin mu, wọ́n ní kí wọ́n san owó fún àwọn tó fi sílẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà ò jíǹde.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀bẹ̀ inú ìlú. Àwọn àgbà lè wá bá yín, kódà láti ààfin, pẹ̀lú owó, pé kẹ́ ẹ gbé ẹjọ́ kúrò ní kóòtù. Kò sí ní ìkáwọ́ yín. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣe ẹjọ́ ìpànìyàn, Kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ nìkan ló lè dá a dúró. Ẹni tó bá sì gbowó láti bo ìpànìyàn mọ́lẹ̀ ti rú òfin fúnra rẹ̀.

Fún ìpàdé tó ń bọ̀: ẹ mú orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹlẹ́rìí dání, ẹ mú ìwé ọsibítù àti ti àyẹ̀wò òkú, kẹ́ ẹ sì kọ àwọn ohun tí olóògbé ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ sílẹ̀: owó ilé ìwé àwọn ọmọ, iye kòkó tó ń tà lọ́dún. Ẹ ní kí wọ́n kọ owó ìtanràn fún àwọn ọmọ olóògbé sínú àdéhùn náà kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn ìdájọ́, ó máa ń ṣòro láti gbà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ibi tí ààlà oko wà síbẹ̀ pẹ̀lú, kí ìjà náà má bàa kan àwọn ọmọ. Tí bàbá àti màmá ò bá sì tíì fohùn ṣọ̀kan lọ́jọ́ náà, ẹ má fipá mú ẹnì kankan. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún agbẹjọ́rò ìjọba, kó kọ ohùn bàbá sílẹ̀ lọ́tọ̀, kó kọ ti màmá lọ́tọ̀, kó sì fi méjèèjì sínú fáìlì.