Ẹ má tíì pe katapílà sí ilẹ̀ oníyanrìn yẹn

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín nípa éékà 15 tí ẹ rà létí odò Ohoopee, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ẹ ní iyanrìn funfun ni gbogbo ẹ̀, igi ràdàràdà kúkúrú ló wà lórí ẹ̀, ẹ sì ń rò ó láti ro ó kanlẹ̀ kí ẹ fi gbin ẹ̀gúsí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá katapílà dúró ná. Èmi náà ra irú ẹ̀ ní 2014, owó ojú mi ni mo fi kọ́gbọ́n.

Iyanrìn yẹn, afẹ́fẹ́ ló kó o jọ láyé ìgbà tí yìnyín bo àríwá Amẹ́ríkà, ó ti lé ní 15,000 ọdún. Omi odò fà, afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn gbá iyanrìn inú ẹ̀ sọdá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé apá ìlà-oòrùn odò lẹ ó ti máa rí òkìtì náà, ní Ohoopee, ní Canoochee, ní Altamaha. Omi kì í dúró nínú ẹ̀. Àpò ajílẹ̀ 12 ni mo dà sí i lọ́dún àkọ́kọ́. Òjò ńlá méjì péré, ó ti bómi lọ. Ẹ̀gúsí mi yọ, ó fà díẹ̀, ó gbẹ kó tó so.

Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí jù. Koríko kan wà níbẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀, ó rí ní ìdì-ìdì, ewé ẹ̀ gùn bí irun ẹṣin. Mo gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, mo gé e mọ́lẹ̀ pátá. Bàbá òyìnbó aládùúgbò mi dúró létí títì, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé igi lò ń gé?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fìka ya ìdì kan tó ṣẹ́ kù, ó fi ọ̀mùnú inú ẹ̀ hàn mí: funfun, ó nípọn tó àtàǹpàkò, òwú bò ó lára. Páìnì elewé gígùn ni. Á jókòó sílẹ̀ bíi koríko fún ọdún mélòó kan, á máa ri gbòǹgbò wọlẹ̀ kó tó ta sókè. Iná ìgbẹ́ lè jó ewé ẹ̀ láì pa ọ̀mùnú yẹn. Èmi ni mo pa á. Páìnì yìí gba nǹkan bíi 90 mílíọ̀nù éékà nígbà kan; èyí tó kù ò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Igi ràdàràdà tẹ́ ẹ sọ yẹn, óákù tòlótòló ni wọ́n ń pè é, torí ewé ẹ̀ jọ ẹsẹ̀ tòlótòló. Ẹ wò ó lọ́sàn-án gangan: ńṣe ló dá ewé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí oòrùn òkè àti èyí tó ń ta padà lára iyanrìn má baà jó o. Igbó róbótó tó ń ta sánsán, tí ilẹ̀ yí i ká bí ẹni gbálẹ̀, rosemary ni (kì í ṣe ti ọbẹ̀ o). Ohun tó ń jáde lára ewé ẹ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan míì hù nítòsí. Ìbátan ẹ̀fọ́ iyána-ìpájà tiwa náà wà níbẹ̀, olódòdó funfun. Ẹ má fara kàn án. Èsìsì ò tó o. Ṣòkòtò penpe ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ ẹ bá rí ihò tí iyanrìn dà síta lẹ́nu ẹ̀, ti ìjàpá ni. Ihò ẹ̀ máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 15, ejò àti ọ̀pọ̀lọ́ ń sá sí i. Òfin Georgia dáàbò bò ó, kí katapílà má kó bá yín.

Koríko wáyà tó wà lábẹ́ páìnì, tí wọ́n bá ti túlẹ̀ ẹ̀, kì í fẹ́ padà. Ibi tí mo ro lọ́dún náà lọ́hùn-ún, èpò lásán ló wà níbẹ̀ dòní. Iná tó bá jó o nígbà tó ń rúwé ló ń jẹ́ kó so dáadáa, àmọ́ ẹ gba ìyọ̀nda lọ́dọ̀ àwọn onígbó ìpínlẹ̀ kẹ́ ẹ tó dáná.

Ẹ̀gúsí ńkọ́? Mo kan pákó yí ilẹ̀ ká lẹ́yìn ilé, mo kó ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìyẹ sí i, ibẹ̀ ló ti ń so. Ẹ ya fọ́tò ohunkóhun tó bá rí bí ìdì koríko, ẹ gbé e síbí kí n wò ó kẹ́ ẹ tó gé e.