Ẹ wo ọwọ́ alákàrà, ẹ wo ẹsẹ̀ Tobi Amusan

Ìbéèrè yín ni pé kí ló fà á tí ìmóríyá kì í fi í pẹ́ lára yín. Ẹ ń kàwé fún ìdánwò ICAN, ìyẹn ìdánwò àwọn oníṣirò owó ní Nàìjíríà, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Bí ẹ bá wo fọ́nrán ẹni tó ṣe àṣeyọrí, orí yín á wú, ẹ ó fi gbogbo òru ọjọ́ yẹn kàwé, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ìwé ti di ìrọ̀rí. Ẹ wá fẹ́ mọ irú eré tàbí irú èèyàn tó yẹ kí ẹ máa wò kí iná yẹn má bàa kú.

Kò sí àbùkù lára àwọn tí ẹ ń wò. Ibi tí ẹ ń wò lára wọn ni kò tọ̀nà. Ẹ ń wo ìgbà tí wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ, tí omijé ń bọ́, tí wọ́n da àsíá bo èjìká. Ìyẹn dùn ún wò, àmọ́ kò sí ohun tí ọwọ́ lè mú lára rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí iná ò sí, tí ẹ̀yìn ń dunni. Ohun tó ṣeé mú lò ni bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó tó di pé a rí wọn.

Ọ̀dọ̀ alákàrà àdúgbò yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má wo epo gbígbóná nìkan, ẹ béèrè ohun tó ti ṣe ṣáájú. Ẹni tó ń din àkàrà ní aago mẹ́fà àárọ̀, àná ló ti ṣa ẹ̀wà rẹ̀. Ó rẹ ẹ́ sómi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí èèpo lè rọ̀, ó bó o, ó ṣàn án, ó tún rẹ ẹ́ fún wákàtí kan sí méjì kó lè wú dáadáa, kó tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Nígbà tí ìdájí bá fi pé, kò sí ìpinnu tó le kankan tó kù. Iná dídá àti dídín ló kù. Ohun tó sì ń jí obìnrin náà kì í ṣe ìmóríyá. Ẹ̀wà tó ti wú ni. Bó bá fi í sílẹ̀, á kan, owó rẹ̀ á sì ṣòfò. Ó tún mọ̀ pé àwọn ọmọ iléèwé àti ọlọ́kadà máa tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́.

Ẹ tún wo ohun tí kì í ṣe. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í da iyọ̀ sí gbogbo ẹ̀wà inú ike ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, torí iyọ̀ máa ń fa omi jáde, ẹ̀wà á ṣàn, àkàrà á sì tẹ́ pẹrẹsẹ nínú epo. Ìwọ̀nba tó fẹ́ dín ló ń bù sínú abọ́ kékeré, á lù ú títí afẹ́fẹ́ á fi wọ inú rẹ̀, kó tó fi iyọ̀ sí i. Ẹni tí kò bá dá a lójú pé ó ti tó, kó kán díẹ̀ sínú ife omi: bó bá léfòó, ó ti tó, bó bá rì, kó tún lù ú. Bí epo kò bá sì tíì gbóná, kò ní bẹ̀rẹ̀, torí àkàrà tó wọ epo tútù á mu epo yó.

Ẹ wá ṣe é bẹ́ẹ̀ sí ìwé yín. Kí ẹ tó sùn, ẹ ṣí ìwé sí ojú ewé tí ẹ máa kà lọ́la, ẹ da ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ sínú ìwé iṣẹ́, kí ẹ sì kọ ìlà kan péré nínú ìdáhùn rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò lé e lórí. Ẹ fi láàǹpù sí sáàjì nígbà tí iná bá wà, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ máa lò ó. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ìlà kan tí ẹ kọ yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ: ọwọ́ kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé òfìfo, ṣùgbọ́n ìdáhùn tó ti wà láàárín ọ̀nà máa ń pe ọwọ́ pé kó wá parí òun.

Ẹ tún wá ohun tó lè kan bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Ẹ bá ẹnì kan tó ń ṣe ìdánwò kan náà ṣe àdéhùn pé kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, ẹ ó ti ya àwòrán ìdáhùn kan ránṣẹ́ sí i, òun náà á fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ má mú ẹni tó máa ń sọ pé “kò burú, ó di ọ̀la.” Ẹni tó máa pè yín ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí ẹ mú. Ẹ má sì da iyọ̀ sí gbogbo ẹ̀wà: àtẹ àkókò oṣù mẹ́fà tí ẹ fi bírò aláwọ̀ mẹ́rin yà, iṣẹ́ ọ́fíìsì kan tó dé láìròtẹ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì á ti bà á jẹ́, ìrẹ̀wẹ̀sì á sì tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa tò. Ohun tí mo rí i tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí: ìmúrasílẹ̀ á dùn mọ́ wọn títí á fi di ibi ìsápamọ́. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kì í múra mọ́, ẹ ń sá fún iṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Hilda Baci, alásè ọmọ Nàìjíríà, sì ni mo máa ní kí ẹ wò fún ìyẹn. Gbogbo wa la rí èrò tó kún Lekki ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tó ń dáná tọ̀sán tòru kó lè di ẹni tó dáná pẹ́ jù lọ láyé. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò yẹ̀ wò ni òfin Guinness World Records, àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ta yọ jù lọ láyé: wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣe, ìṣẹ́jú 5 ni ìsinmi rẹ̀, ó sì lè kó wọn jọ, kí wákàtí 12 fún un ní ìṣẹ́jú 60 lápapọ̀. Ó dáná ju wákàtí 100 lọ, síbẹ̀ wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, torí pé ìsinmi kan tó ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Ìyẹn ṣì tó láti borí wákàtí 87 àti ìṣẹ́jú 45 tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kíyè sí i: iṣẹ́ kọ́ ló ná an ní wákàtí bíi méje yẹn, ìsinmi ni.

Nítorí náà, ẹ fún ìsinmi yín ní òpin kí ẹ tó wọ inú rẹ̀. Ẹ kàwé fún ìṣẹ́jú 25, ẹ dìde fún 5, ẹ mu omi, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ má fọwọ́ kan fóònù nínú ìṣẹ́jú 5 yẹn, torí fọ́nrán kan máa ń fa òmíràn wá, kò sì ní ibi tó ń parí sí. Aago kékeré tó ń dún ni kí ẹ lò, kí fóònù wà ní yàrá kejì. Fọ́tò tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ lọ yà á nígbà tí iṣẹ́ bá tán.

Ní ti Tobi Amusan, ọmọ Nàìjíríà tó ń sá eré onídènà, ohun tí wọ́n sábà máa ń fà yọ ni pé ó gba ipò kẹrin nínú ìdíje àgbáyé ní Doha lọ́dún 2019, ó tún gba ipò kẹrin nínú ìdíje Olympics ní Tokyo lọ́dún 2021, kò sì juwọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde yìí sá 100 mítà onídènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, ó sì borí àkọsílẹ̀ àgbáyé 12.20 tí Kendra Harrison ará Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ lọ́dún 2016. Ìdènà mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Mítà 13 ni láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ dé ti àkọ́kọ́, mítà 8.5 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, mítà 10.5 ló sì kù lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń gbé láàárín ìdènà méjì, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Bí eléré bá ṣe ń yára sí i ni ìdènà tó kàn ń sún mọ́ ọn jù, tí ó sì gbọ́dọ̀ ké ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ẹni tí agbára bá gùn tó bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ gùn, á fi orúnkún tàbí gìgísẹ̀ gbá igi.

Ibí gan-an ni mo rò pé ìṣòro yín wà. Òru tí orí yín wú tí ẹ fi kàwé dìdájí, ẹsẹ̀ ti gùn ju ibi tí ìdènà wà lọ. Ọjọ́ tí ara bá yá gágá ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra jù lọ. Bó bá jẹ́ ìbéèrè mẹ́ta ni ìwọ̀n yín, ẹ dúró lórí mẹ́ta, kódà bó bá ń wù yín láti ṣe mẹ́jọ. Ẹ kọ ìlà àkọ́kọ́ ti ẹ̀kẹrin sílẹ̀ fún ọ̀la, kí ẹ lọ sùn. Ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ yín, ẹ lè ké e kúrú sí ìbéèrè kan, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó di òdo.

Bí ẹ bá sì pàdánù ọjọ́ kan, òfin eré yẹn náà wúlò: ẹni tó ṣèèṣì gbá ìdènà lulẹ̀ kò jáde nínú ìdíje, àfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbá a, kì í sì í padà lọ gbé e nà ró. Ẹ ṣí ìwé sí ibi tí iṣẹ́ ti òní wà. Èyí tí ẹ fò, ẹ kọ nọ́ńbà ìbéèrè rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ fi wákàtí kan ní àárọ̀ Sátidé ṣe é. Bó bá ju mẹ́rin lọ níbẹ̀ kí Sátidé tó dé, ìwọ̀n tí ẹ fún ara yín ló pọ̀ jù. Ẹ dín in kù láti ọjọ́ Ajé.